Ẹfúntóyìn àti Àwọn Ọmọ Ìyanu

Lájídé, jókòó. Má tíì lọ. Ìwọ lo sọ lẹ́ẹ̀kan pé kò sí ohun tó lè yà ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé yìí, pé gbogbo rẹ̀ pátá lo ti rí nínú fóònù. Mo gbọ́ ọ. Etí mi wúwo díẹ̀, àmọ́ kò tíì di. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí èmi Ọdẹ́gbàmí bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dá a dúró nítorí iṣu ẹnì kankan. Oòrùn ṣì wà lókè, ilẹ̀ kò ní í ṣú kí n tó parí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo fi ìrù ọ̀kan nujú, tí mo fi ti èkejì lé eṣinṣin. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ẹfọ̀n náà léèrè. Àmọ́ ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ìtàn obìnrin tó jókòó sẹ́yìn mi yìí ni, tó ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Ẹfúntóyìn ni, ìyàwó mi. Ohun tí mo bá ṣì sọ, yóò tún un ṣe. Ó ti mọ́ ọn lára láti àádọ́ta ọdún.

"Àádọ́ta ọdún ó lé méjì," ni Ẹfúntóyìn wí.

Ẹ ò rí nǹkan.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, Ẹfúntóyìn ti wà nílé ọkọ fún ọdún mọ́kànlá kó tó lóyún. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọdẹ tí ẹnu rẹ̀ tóbi ju àpò rẹ̀ lọ. Èmi ni ọkọ náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ọkùnrin náà", nítorí ojú rẹ̀ ń tì mí. Ní ọjọ́ ọdún Ògún, àwọn ọdẹ abà Ìdí-Apá péjọ, oníkálùkù ń fọ́nnu. Ó kan ọkùnrin náà. Ó gbé igbá ẹmu sókè, ó ní, "Òjijì, mo ti rí ọ tán. Ìjayà, mo ti kọjá rẹ. Àrà, eré ọmọdé lò ń ṣe. Kàyéfì, mo ti mọ ìdí rẹ. Ìyanu tó jẹ́ ìyá wọn, kí lo tún fẹ́ fi hàn mí? Gbogbo yín tẹ́ ẹ bá wà lára mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ máa lọ. Láti òní lọ, kò sí ohun tí yóò ya Ọdẹ́gbàmí lẹ́nu mọ́." Àwọn ọdẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jókòó, ó mu ẹmu rẹ̀ tán.

Ẹni tí a bá lé, á lọ ni. Ẹ mọ bí obìnrin tí ọkọ bú lójú àlejò ṣe ń rọra di ẹrù rẹ̀, tí kò ní í bá ẹnì kankan jà, tí ẹ óò kàn rí i pé ó ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn márààrún ṣe di ẹrù kúrò lára ọkùnrin náà. Kò mọ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó rò pé ìgboyà ni.

Ẹfúntóyìn ló kọ́kọ́ fura. Paramọ́lẹ̀ gba orí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kọjá, kò ta gìrì. Ẹfọ̀n já lù ú nínú igbó, ó dúró ó ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò, àfi ìgbà tí Olúọ́dẹ tó jẹ́ olórí àwọn ọdẹ yìnbọn fún ẹfọ̀n náà. Olúọ́dẹ wá bá Ẹfúntóyìn nílé. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọdẹ tí kì í ta gìrì, ẹran ni yóò pa á. Àwọn tó lé lọ ti padà sí ilé ìyá wọn nínú Igbó Ẹnu-ò-padé. Wá nǹkan ṣe."

Kó tó rí nǹkan ṣe, ìrọbí mú un. Ó bí obìnrin. Àwọn ìyá agboolé ń jó, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n gbé ọmọ lọ fún bàbá rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni ń wo àdá tí kò fẹ́ rà. Ó ní, "Mo ti rí ọmọ rí," ó sì padà sídìí ọ̀bẹ tó ń pọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹfúntóyìn ju ìrọbí lọ. Kì í ṣe dídùn lásán náà ni. Ní ìdílé ọkùnrin náà, ẹnu bàbá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là lórí ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ. Bí ẹnu bàbá kò bá là, ọmọ kì í ṣe ti ìdílé náà nìyẹn, ilé àwọn ìyá rẹ̀ ni wọn yóò gbé e lọ, yóò sì máa dàgbà níbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbé jáde. Ọmọbìnrin sì ni, ọjọ́ keje ni ìkómọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí ìyàwó náà má wulẹ̀ kó ẹrù ọmọ sílẹ̀ púpọ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá a," ni Ẹfúntóyìn sọ fún wọn. "Kò sí ẹni tó máa gbé e jáde nílé yìí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó pọn ọmọ, ó fi ọ̀já méjì gbà á, ó mú ìbọn ṣakabùlà ọkọ rẹ̀ lára ògiri. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

"Níbo lò ń lọ?"

"Igbó Ẹnu-ò-padé. Mò ń lọ kó àwọn tí o lé bọ̀."

"Ó dáa," ni ọkùnrin náà wí, ó ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ má bi mí bí abiyamọ ọjọ́ mẹ́ta ṣe rin ìrìn náà. Ẹni tó bá bi mí, n ó dìde níbí, kó wá sọ ìyókù. Inú ló bí i, inú tó bí i náà ló gbé e.

Nínú Igbó Ẹnu-ò-padé, gbogbo igi ló ní ihò lára, bí ẹnu ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹrù lójú ọ̀nà: ìkòkò tó fọ́, apẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere kan, fìlà méje. Ẹrù àwọn tí Òjijì ti dẹ́rù bà ni, tí wọ́n jù ú sílẹ̀ tí wọ́n sá. Òjijì fúnra rẹ̀ kò tóbi ju ewúrẹ́ ọlọ́dún kan lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó máa ń rí i kó tó débẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Ẹfúntóyìn, ó ké sí i létí. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà dúró, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó di ọmọ mú. Òjijì tún já bọ́ láti orí igi. Ẹfúntóyìn ge ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, kò ju nǹkan kan sílẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ó gbọ́ bí ẹnì kan ṣe fa èémí nínú igbó. Kò dúró dè é. Ó gbé ìbọn sókè, ó yìn ín sójú ọ̀run.

Òjijì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Kí lo ṣe fún mi yẹn?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe fún ènìyàn ni."

"Kò dára rárá."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ọmọ yìí mú, ìbọn yẹn ti tú ọ̀já mi."

Òjijì gba ọmọ. Bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ lu ọmọ náà, ó na apá méjèèjì, ó la gbogbo ìka rẹ̀, ó sì tún kó wọn jọ sáyà, bí gbogbo ọmọ tuntun ti ń ṣe. Òjijì wò ó títí. Láti ìgbà tó ti ń bẹ́ lu ènìyàn, kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti iwájú rí. Ẹ̀yìn ló máa ń wà.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Wọ́n bí i mọ́ ọn ni."

"Àìròtẹ́lẹ̀," ni Òjijì wí jẹ́ẹ́. "Àìròtẹ́lẹ̀ ni èmi ó máa pè é." Ó sì béèrè bí gbogbo àgbà ti ń béèrè: "Ọjọ́ wo ni ìkómọ?"

Ọwọ́ Ẹfúntóyìn dúró lórí ọ̀já. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa níbí. Ẹni tó bá gbé ọmọ tuntun, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ó ti di ẹbí nìyẹn. Dandan ni kó wá síbi ìkómọ, kó wá pe orúkọ náà sínú omi. Bí kò bá wá, ó ti bú ọmọ náà ni, kò sì sí ẹ̀mí inú igbó tàbí ti inú ilé tó jẹ́ bú ọmọ tuntun.

"Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta," ni Ẹfúntóyìn dáhùn. "Ọjọ́ keje ni, ní kùtùkùtù, nílé Ọdẹ́gbàmí ní Ìdí-Apá."

"Ilé ọkùnrin yẹn kẹ̀?" ni Òjijì wí. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó kùn, ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹfúntóyìn pọn ọmọ rẹ̀ padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti bímọ, ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ ohun tí yóò ṣe.

Ní ọjọ́ kejì ó dé àfonífojì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń lù kì, kì, kì, bí àyà ẹni tí ọlọ́pàá ń pè. Ìjayà ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó gùn tó ọjà, ojú rẹ̀ pọ́n, òun gan-an ló sì ń gbọ̀n jù. Ó ní, "Ìwọ obìnrin, ẹ̀rù mi ò bà ọ́?"

"Ó bà mí," ni Ẹfúntóyìn wí. "Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Àmọ́ ọmọ fẹ́ jẹun." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igúnpá Ìjayà, ó fún ọmọ lọ́mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọmọ ń mu.

Èmi ìbá ti yìn ín níbọn.

"Ìwọ ìbá ti sùn," ni Ẹfúntóyìn wí. "Ìgbà yẹn, kò sí ohun tó ń ṣe ọ́."

Òótọ́ ni. Nígbà tí ọmọ yó, ó nà án sí Ìjayà. "Ẹ gbé e sí èjìká, kó gùnfẹ̀. Apá ti ń ro mí." Ìjayà gbé e pẹ̀lú ìka méjì. Ọmọ gùnfẹ̀, Ìjayà fò sókè, gbogbo àfonífojì mì. Lẹ́yìn náà ni ọmọ sùn lé e lọ́rùn. Ilẹ̀ náà dẹ́kun lílù, ó pa rọ́rọ́. Ìjayà rọra ń mí kó má baà jí i. Ó ní gbogbo ibi tí òun bá wọ̀ ni òun ti máa ń ba ayọ̀ wọn jẹ́, pé òun kò fẹ́ ba tèyí jẹ́. "Mábayọ̀jẹ́ ni kí ẹ máa pè é. Ìgbà wo ni ìkómọ?"

Ẹ ti mọ èsì.

Ó kọjá sí ìlú Àrà. Ìlú kọ́ o, pápá ni, àwọn òǹwòran sì jókòó yí i ká lórí pẹpẹ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Ẹfúntóyìn sún mọ́ wọn, ó rí i pé egungun lásán ni wọ́n. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún Àrà lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣíwọ́ mọ́, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí yóò fi gbẹ. Àrà fúnra rẹ̀ wà láàárín, ó wọ aṣọ aláwọ̀ méje. Ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì mì, ó tún pọ̀ wọ́n. Ó sọ akèrègbè di ẹyẹ, ó sọ ẹyẹ di òjò, ó bọ́ sábẹ́ òjò náà kò tutù. Ó yíjú sí Ẹfúntóyìn.

"O ò pàtẹ́wọ́."

"Ọwọ́ mi ò ṣófo, ẹ̀gbọ́n. Ìbọn rèé, ọmọ rèé. Ẹ bá mi gbé ọ̀kan."

Àrà kò fẹ́ ìbọn. Ó gba ọmọ. Ọmọ náà ká ìka wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Àrà fà á, kò jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ọjọ́ mélòó ni èyí? Ọjọ́ mẹ́rin? Ó gbà mí ní igba ọdún kí n tó mọ bí a ti ń di nǹkan mú báyìí." Ó wo àwọn egungun tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, ojú wọn sì sú u lọ́jọ́ náà. Àràmidé ló sọ ọmọ. Ẹfúntóyìn wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ọmọ rẹ̀ ló kọ sí, kì í ṣe Àrà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tó ní kó dúró. Ó gba ọmọ, ó ń lọ.

Kàyéfì ló kù. Oríta ló jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣe é, òun náà kò mọ̀. Àwọn tí kò lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ti hu koríko lórí nídìí rẹ̀. Ó ní, "Kí ni ohun tó jẹ́ tìrẹ, tí àwọn ẹlòmíì ń lò jù ọ́ lọ?"

"Orúkọ," ni Ẹfúntóyìn dá a lóhùn kó tó parí. "Òun ni mò ń wá kiri láti ọjọ́ méjì. Ó tó gẹ́ẹ́. Ó kan èmi náà, kí n bi yín."

Kò sẹ́ni tó bi Kàyéfì ní nǹkan rí. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Àlejò kan wọ ilé mi, kò gba ẹnu ọ̀nà. Ó gbé lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́sàn-án. Oúnjẹ mi ló ń jẹ, mi ò mọ ojú rẹ̀. Ó ń gbá mi nípàá láàárín òru, mi ò bá a jà. Ọjọ́ tó jáde, ó sunkún, àwa rẹ́rìn-ín. Ta ni?"

Kàyéfì ronú. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Olè ni? Kì í ṣe olè. Àìsàn ni? Kì í ṣe àìsàn. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń ronú. Ẹfúntóyìn ti sùn, ó ti jí, ó ti fún ọmọ lọ́mú lẹ́ẹ̀mẹrin. Kàyéfì ní, "Mo juwọ́ sílẹ̀. Sọ fún mi, mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ gba èsì yín," ni Ẹfúntóyìn wí, ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Kàyéfì gbé ọmọ sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo orí rẹ̀. Ó ní, "Èyí? Nínú ìwọ? Báwo?" Ẹfúntóyìn ní òun tó bí i náà kò mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Inú Kàyéfì dùn púpọ̀, ó ní kó má sí ẹni tó mọ̀ ló dára jù. Tanímọ̀la ló sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ ìdí nǹkan kan yìí mọ̀ láti béèrè ọjọ́ ìkómọ.

Ọjọ́ kẹfà nìyẹn. Ó ku ọ̀kan, òun sì ni òkè ìṣòro. Láìsí òun, asán ni àwọn mẹ́rin yẹn.

Ìyanu, ìyá wọn, jẹ́ arúgbó kékeré. Ilé rẹ̀ kò ní ògiri. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wo ìlà àwọn èèrà tó ń gbé ìyẹ́ eṣinṣin kan lọ. Láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀ ló ti ń wo ìlà èèrà náà, kò tíì sú u. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dorí kodò bí ọmọ tó jẹ ẹran inú ìṣasùn.

"Mo ti gbọ́ ohun tí o ṣe fún àwọn ọmọ mi," ni Ìyanu wí. Kò gbójú sókè.

"Mi ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ìyá. Àwọn ló sọ ọmọ mi lórúkọ."

"Wọn yóò lọ. Ẹnu wọn ló dè wọ́n. Òjijì yóò máa gba ọkọ rẹ lọ́wọ́ ẹfọ̀n, Ìjayà yóò jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ìyẹn ò tó ọ?"

"Kò tó mi."

"Láìsí èmi, yóò ta gìrì bí ọmọ bá sunkún, àmọ́ kò ní í rí ọmọ náà."

"Mo mọ̀. Nítorí ẹ̀yin gan-an ni mo ṣe wá."

"Ó dáa. Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ mí. Ọkọ rẹ bú mi lójú ẹmu. Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, o bá mi nílé ni. Ìyàwó ni ọ́ lójú mi."

Ẹfúntóyìn gbé ìbọn sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn rò pé ó fẹ́ kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni, ìyá, mo bá yín nílé. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, mo kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tí mo bá níbẹ̀. Ẹ ti gba tiyín lọ́jọ́ náà. Mo tún kúnlẹ̀ ní ìjẹfà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ohun tí mo kúnlẹ̀ fún ló wà lẹ́yìn mi yìí. Orúnkún mi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Mi ò kúnlẹ̀ mọ́."

Òjijì ta gìrì. Ìjayà di ẹnu rẹ̀ mú.

"Ẹ gbé e, kí ẹ wò ó," ni Ẹfúntóyìn wí.

Ìyanu ká apá rẹ̀ méjèèjì sáyà. "N kò gbé ọmọ. Mo mọ àṣà yín. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ dá a."

Ẹfúntóyìn tú ọ̀já àkọ́kọ́. Ó tú èkejì. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn èèrà, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ lé e. Ó ní, "Bí bàbá rẹ̀ kò bá ní í rí i, kí ni mo ń gbé e relé ṣe? Wọn yóò gbé e jáde bí ẹrù lọ́la. Kó kúkú wà lọ́dọ̀ yín." Ó mú ìbọn, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ.

Ní ìṣísẹ̀ kejì, ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ẹfúntóyìn gbọ́, ó ń lọ. Ní ìkẹta, omi ọmú já, ó rin aṣọ rẹ̀ láti àyà dé ìdodo. Ní ìkẹrin, Àrà fi aṣọ bojú. Ní ìkarùn-ún, Kàyéfì ń béèrè pé kí ló dé, kí ló dé. Ẹkún náà ti ń há ọmọ lọ́rùn. Ìṣísẹ̀ kẹfà. Ìṣísẹ̀ keje.

Ẹkún dá.

Nígbà tó yíjú, Ìyanu ti gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ gbọn èèrà kúrò lójú rẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí," ni arúgbó náà wí, "ọkàn rẹ le."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Kí ni ẹ sọ ọ́?"

"Mo ti rí i. Ẹnu bàbá rẹ̀ ni n ó ti pè é."

Ogójì ọdún ni mo ti ń bi obìnrin yìí ní ìbéèrè kan: bí ìyá arúgbó yẹn kò bá gbé ọmọ ńkọ́, ṣé ìwọ ìbá gbé ìṣísẹ̀ kẹjọ? Kò dá mi lóhùn rí. Ẹ̀gúsí ló máa ń bó lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ keje, àwọn àgbà ti jókòó, omi wà nínú àwo, oyin wà, orógbó wà. Ẹni tí yóò gbé ọmọ lọ sílé àwọn ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tí yóò fi wé e. Ẹfúntóyìn fi gbogbo òru rìn, ó wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Kò kí ẹnì kankan. Ó gbé ọmọ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró síwájú rẹ̀.

Láti ibí lọ, n kò lè pè é ní ọkùnrin náà mọ́. Èmi ni.

N kò rí ẹnì kankan tó wọlé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igi àjà kan dún gbàù lókè orí mi, mo sì fò kúrò lórí àpótí, n kò ta gìrì bẹ́ẹ̀ láti ọdún Ògún. Bí mo ti fò, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù pé ọmọ fẹ́ já bọ́, mo dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà ká ìka mọ́ àtàǹpàkò mi, n kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè sì kún mi lẹ́nu. Níbo lẹ ti ń bọ̀? Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ? Ta ló ní kí o gbé ìbọn mi? Àwọn àgbà ní, "Ọdẹ́gbàmí, pe orúkọ ọmọ." N kò tíì ní orúkọ lẹ́nu.

Èèrà kan wà létí ọmọ. Mo yọ ọ́. Mo wá ń wo etí náà. Ó pé. Ó ní ìkákò, ó ní ihò, ó ní irun wẹ́ẹ́rẹ́ lórí, kò sì tóbi ju ẹ̀wà lọ. Mo wo ojú rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo wo ìyá rẹ̀ tó dúró síwájú mi, omi ọmú ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ, mo sì rí i pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a gbé, n kò tíì wò ó báyìí rí. Ẹnu mi là. Omi ń bọ́ lójú mi sínú omi ìkómọ.

"Àkọ́rí," ni mo wí. "Mo ní mo ti rí ọmọ rí. Irọ́ ni mo pa. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo rí."

Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ká aṣọ rẹ̀, ó lọ. Àwọn àgbà sì ń wo ara wọn, nítorí orúkọ mẹ́rin mìíràn ń jáde láti igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn kò rí ẹni tó ń pè é.

Àkọ́rí náà nìyẹn o, tó jẹ́ olùkọ́ àgbà tó kọ́ ọ ní ìwé, ìwọ Lájídé. Ó yẹ kó nà ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn mi parí. Ẹ lọ gbé iṣu yín.

Lájídé kò dìde. Ó yíjú sẹ́yìn mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ṣé ẹ̀yin ìbá gbé ìkẹjọ?"

Ẹfúntóyìn gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó gbọn èèpo kúrò lórí itan rẹ̀.

"Kò sí ìkẹjọ níbẹ̀," ni ó wí. "Ìkeje gan-an, n kò gbé e tán. Ẹsẹ̀ mi ti yí padà nílẹ̀, orúnkún mi sì ti ń tẹ̀. Bí ìyá yẹn bá dúró de èémí kan sí i, èmi ló máa bá lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ mi kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, torí ó máa ń dùn mọ́ ọn bó ṣe ń sọ ọ́."

Ẹ dúró. Ogójì ọdún.

Lájídé, kí lò ń rín? Sún mọ́bí, kí o wò mí dáadáa. Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan rèé, tí ẹnu rẹ̀ kò lè padé lójú gbogbo yín. Fi fóònù rẹ yà á, bó bá wù ọ́. Kí ẹnì kan bá mi bu omi wá.